Àwòrán Tí Ẹ̀rọ Yà àti Àwòrán Tí Ó Gbé Jáde: Àgbéyẹ̀wò Ìdíje HD Láàrin Xbox 360 àti PlayStation 3, Ọdún 2005 sí 2008

Ìfáárà

Láàrin oṣù Bélú ọdún 2005 àti oṣù Bélú ọdún 2006, ẹ̀rọ géèmù mẹ́ta tí ó ń bá ara wọn díje dé orí àtẹ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Xbox 360, ti ilé-iṣẹ́ Microsoft, ni ó kọ́kọ́ dé ní ọjọ́ 22 oṣù Bélú ọdún 2005. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí PlayStation 3, ti ilé-iṣẹ́ Sony, tó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 17 oṣù Bélú ọdún 2006; ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí ni Wii, ti ilé-iṣẹ́ Nintendo, dé. Ohun tí Microsoft àti Sony tẹnu mọ́ gidigidi nínú ìpolówó ọjà wọn ni àwòrán tí ó mọ́ gaara ju ti àtijọ́ lọ, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí HD. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ṣe ohun ìjà. Microsoft fi 720 ṣe ìpìlẹ̀ tirẹ̀, Sony fi 1080 ṣe tirẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ sì gbà pé ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó borí.

Ó rọrùn láti kọ ìtàn ìdíje yìí láti ara páálí tí wọ́n kó ẹ̀rọ náà sí. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò ṣini lọ́nà, nítorí pé nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà níbi tí páálí ti kọ ẹyọ kan. Èkíní ni iye ojú-àmì aláwọ̀ kéékèèké, tí à ń pè ní píksẹ́lì, tí ẹ̀rọ náà fi ya àwòrán nínú ara rẹ̀. Èkejì ni iye píksẹ́lì tí ó gbé jáde gba inú wáyà lọ sí ojú amóhùnmáwòrán. Bí èkíní bá kéré sí èkejì, ẹ̀rọ náà yóò na àwòrán kí ó lè kún ojú amóhùnmáwòrán, bí ìgbà tí aránṣọ bá ń fa aṣọ tí kò tó kí ó lè dé ibi tí oníbàárà fẹ́. Páálí kì í sọ ohunkóhun nípa nínà yìí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni oníbàárà rò pé òun ń san owó lé lórí. Nọ́ńbà kejì ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀.

Ibi tí àwọn nọ́ńbà náà ti ṣẹ̀ wá

HD kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe géèmù. NHK, ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbogbogbòò ní ilẹ̀ Jàpáàn, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí irú amóhùnmáwòrán bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1964, ọdún tí ìdíje Òlíḿpíìkì wáyé ní Tokyo. Ní ọdún 1990, àjọ ITU tí ó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé gbé ìlànà kan jáde fún un, nígbà tí ó sì di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1996, àjọ FCC ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìlànà amóhùnmáwòrán tuntun fún ilẹ̀ náà. Oríṣi àwòrán HD méjì ni ó fìdí múlẹ̀ níkẹyìn. Ọ̀kan ní píksẹ́lì 1280 ní ìbú àti 720 ní òòró. Èkejì ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní òòró. Bí a bá ṣe ìsodipúpọ̀ wọn, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 921,600, ti èkejì sì jẹ́ 2,073,600, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì àkọ́kọ́ lọ.

Lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó máa ń tẹ̀ lé nọ́ńbà náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Lẹ́tà i dúró fún àwòrán tí wọ́n gbé wá ní ìdajì-ìdajì: ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti irú wọn yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà yóò tẹ̀ lé wọn. Lẹ́tà p dúró fún odidi àwòrán tí ó dé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, 1080i kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú 1080p, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń tajà máa ń dárúkọ 1080 tí wọn yóò sì gbé lẹ́tà mì.

Kí HD tó dé, ìlànà méjì ni ó gbajúmọ̀ jù. NTSC, tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà àti Jàpáàn, ní ìlà 525, tí nǹkan bí 480 nínú rẹ̀ ń gbé àwòrán. PAL, tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì, ní ìlà 625, tí 576 nínú rẹ̀ ń gbé àwòrán. Ìyàtọ̀ yìí kò parí sórí ìwé. Xbox àkọ́kọ́, tí ó jáde ní ọdún 2001, lè gbé 720p jáde nínú àwọn géèmù díẹ̀, irú bí Soulcalibur II. Ṣùgbọ́n àwọn Xbox tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ PAL kò ní àǹfààní náà rárá. Orúkọ kan náà ni ó wà lára àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, géèmù kan náà ni wọ́n ń lò, àwọn kan sì wà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn HD mọ́.

PlayStation 2 náà gbìyànjú tirẹ̀. Gran Turismo 4, tí ó jáde ní Jàpáàn ní ìparí ọdún 2004, jẹ́ kí awakọ̀ orí géèmù yan 1080i. Ohun tí ó ń lọ nínú ẹ̀rọ náà ni pé píksẹ́lì 640 ní ìbú àti 540 ní òòró ni ó ń yà. Ìyẹn jẹ́ 345,600, ìdá kan péré nínú mẹ́fà ohun tí nọ́ńbà 1080 ń tọ́ka sí. Nínà àwòrán ti wà, nígbà náà, kí ìdíje HD gan-an tó bẹ̀rẹ̀.

Páálí, wáyà àti ìlérí

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2005, níbi àpérò àwọn tí ń ṣe géèmù ní San Francisco, J Allard ti Microsoft kéde pé sànmánì HD ti dé. Ìlànà tí Microsoft fi lélẹ̀ fún àwọn tí yóò ṣe géèmù fún Xbox 360 ni pé àwòrán kò gbọdọ̀ kéré sí 720p. Oríṣi Xbox 360 méjì ni wọ́n gbé dé ọjà ní oṣù Bélú ọdún náà. Èyí tí ó jẹ́ dọ́là 399 ní wáyà kọ̀ǹpónẹ́ǹtì nínú páálí rẹ̀, irú èyí tí ó ń fi okùn mẹ́ta pín àwòrán gbé. Èyí tí ó jẹ́ dọ́là 299 kò ní in. Wáyà àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìyeyè, pupa àti funfun ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí kò lè gbé HD. Kódà nínú páálí olówó gọbọi náà, bọ́tìnnì kékeré kan wà lára wáyà tí ẹni tí ó rà á gbọdọ̀ sún sí ibi tí a kọ HDTV sí. Ẹni tí kò bá sún un yóò máa wo àwòrán àtijọ́ lórí amóhùnmáwòrán tuntun.

HDMI, wáyà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bí Sony, Toshiba, Philips àti Hitachi jọ gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2002, kò sí lára Xbox 360 àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni Sony rí àyè gbà. Níbi àfihàn E3 ti oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2005, Sony sọ pé PlayStation 3 yóò ní ojúhò HDMI méjì, yóò sì lè gbé 1080p jáde sórí amóhùnmáwòrán méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí E3 ọdún 2006 yóò fi dé, méjì ti di ẹyọ kan, ẹyọ kan náà sì wà lára ẹ̀rọ dọ́là 599 nìkan. Ẹ̀rọ dọ́là 499 kò ní HDMI kankan. Ariwo pọ̀ lórí èyí. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún náà, níbi àfihàn géèmù ní Tokyo, Ken Kutaragi kéde pé oríṣi méjèèjì ni yóò ní HDMI, ó sì gé iye owó ẹ̀rọ kékeré sí yẹ́ẹ̀nì 49,980 ní Jàpáàn.

Ẹni tí ó bá kà dé ibí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú fún àwọn oníbàárà Sony. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí páálí PlayStation 3, ojúhò HDMI wà lára ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wáyà HDMI kò sí nínú páálí. Wáyà ẹlẹ́nu ìyeyè náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi 1080p polówó rẹ̀ ju èyíkéyìí lọ wá sílé pẹ̀lú wáyà tí kò lè gbé ju ìlà 480 lọ ní Amẹ́ríkà tàbí 576 ní ilẹ̀ PAL. Nípa ti wáyà nìkan, páálí Xbox 360 dọ́là 399 ṣe òtítọ́ ju ti Sony dọ́là 599 lọ.

Microsoft kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2006, ọjọ́ mọ́kànlá kí PlayStation 3 tó dé ọjà Jàpáàn, ó fi àtúnṣe ránṣẹ́ sínú gbogbo Xbox 360 tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ó ń gbé 720p àti 1080i jáde ní àná lè gbé 1080p jáde ní ọjọ́ kejì gba inú wáyà kọ̀ǹpónẹ́ǹtì tàbí VGA. Ojú ẹsẹ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀rọ méjèèjì dọ́gba. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú agbára ẹ̀rọ náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Géèmù tí ó ń ya píksẹ́lì 921,600 ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ń ya iye kan náà ní oṣù Bélú. Nínà rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i. Bí nọ́ńbà ìpolówó bá lè gòkè láìjẹ́ pé ohun tí ó ń ṣàpèjúwe yí padà, a jẹ́ pé kì í ṣe ohun náà ni ó ń ṣàpèjúwe. HDMI fúnra rẹ̀ dé ara Xbox 360 ní ọjọ́ 29 oṣù Igbe ọdún 2007, lára oríṣi tí wọ́n pè ní Elite, tí ó jẹ́ dọ́là 479.

Ìyà àwọn tí ó tètè ra amóhùnmáwòrán

Ọ̀rọ̀ nínà yìí kì í ṣe ẹ̀tàn nìkan. Ó ní ìwúlò, àìsí rẹ̀ sì dá wàhálà sílẹ̀. Láti ìparí ọdún 1998 tí HD ti bẹ̀rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé kan ti ra amóhùnmáwòrán HD ńláńlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ wọ̀nyí mọ 480p àti 1080i, wọn kò sì mọ 720p rárá.

Inú Xbox 360 ni Microsoft fi ẹ̀rọ anàwòrán sí, èyíinì ni ẹ̀yà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gba àwòrán tí a ti yà, kí ó sì sọ ọ́ di iye èyíkéyìí tí amóhùnmáwòrán bá lè gbà. Ẹni tí ó ní amóhùnmáwòrán àtijọ́ yan 1080i, ẹ̀rọ náà na 720p dé ibẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ parí. PlayStation 3 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí géèmù bá jẹ́ 720p nìkan, tí amóhùnmáwòrán kò sì mọ 720p, PlayStation 3 kò na àwòrán náà sókè sí 1080i. Ńṣe ni ó já a wálẹ̀ sí 480p. Resistance: Fall of Man, tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn géèmù tí Sony fi ṣí ọjà, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tí ó san dọ́là 599 fún ẹ̀rọ géèmù, lẹ́yìn tí ó ti ná ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó lórí amóhùnmáwòrán HD, wá ń wo àwòrán tí kò dára ju ti Wii dọ́là 250 lọ ní iye ìlà. Ìkà inú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn tí ó kọ́kọ́ gba HD gbọ́ ni wọ́n jẹ ìyà yìí. Ẹni tí ó dúró di ọdún 2006 kí ó tó ra amóhùnmáwòrán pẹlẹbẹ tuntun kò mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, Sony ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe géèmù láti máa na àwòrán ní ìbú. Àbùdá àtúnṣe yìí hàn nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Gran Turismo 5 Prologue, tí ó jáde ní Jàpáàn ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2007, ń gbé 1080p jáde, ṣùgbọ́n píksẹ́lì 1280 ní ìbú àti 1080 ní òòró ni ó ń yà. Òòró rẹ̀ pé, ìbú ni wọ́n fà gùn.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ

Kí ni ó fà á tí ẹ̀rọ tí ó lágbára tó báyìí kò fi lè ya iye tí ó kọ sára? Ìṣirò kékeré kan yóò là á yé wa. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan nílò báìtì mẹ́rin láti tọ́jú àwọ̀ rẹ̀, àti mẹ́rin mìíràn láti tọ́jú bí ohun tí ó wà níbẹ̀ ṣe jìnnà sí ojú ẹni tí ń wò ó, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí ó bo èwo. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ báìtì mẹ́jọ. Àwòrán 720p, nítorí náà, nílò báìtì 7,372,800. Xbox 360 ní àyè ìrántí àkànṣe kan tí ó yára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, tí ó gba mẹ́gábáìtì 10, èyíinì ni báìtì 10,485,760. Àwòrán náà wọ ibẹ̀, àyè sì ṣẹ́ kù.

Ṣùgbọ́n etí àwọn nǹkan tí ẹ̀rọ yà máa ń rí gbágungbàgun bí eyín ayùn. Láti dán an, ẹ̀rọ yóò ṣe àyẹ̀wò píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, yóò sì tọ́jú èsì gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, báìtì 14,745,600 ni 720p yóò gbà, àyè mẹ́gábáìtì 10 kò sì lè gbà á mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe géèmù. Ó lè gé àwòrán sí abala méjì kí ó máa yà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò mú kí ẹ̀rọ tún apá kan iṣẹ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè fi etí gbágungbàgun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè dín iye píksẹ́lì kù.

Project Gotham Racing 3, géèmù eré ìje ọkọ̀ tí ó jáde pẹ̀lú Xbox 360 ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, yan ọ̀nà kẹta. Píksẹ́lì 1024 ní ìbú àti 600 ní òòró ni ó ń yà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: píksẹ́lì 614,400, báìtì mẹ́jọ lọ́nà méjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9,830,400. Ó wọ inú àyè mẹ́gábáìtì 10 rẹ́gí. Òfin 720p tí Microsoft ṣe kò bá ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ dé alẹ́.

Àpẹẹrẹ tí ó dá ariwo sílẹ̀ jù ni Halo 3, tí ó jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2007, tí ó sì jẹ́ géèmù tí Microsoft gbójú lé jù lọ. Kò pẹ́ tí ó jáde tí àwọn ènìyàn fi rí i pé 1152 ní ìbú àti 640 ní òòró ni àwòrán rẹ̀. Bungie, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, kò sẹ́. Àlàyé wọn ni pé àwòrán méjì ni géèmù náà ń tọ́jú pọ̀, ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀ tí ó tàn yòò, èkejì fún èyí tí ó rọ̀, kí oòrùn àti òjìji lè rí bí wọ́n ṣe ń rí lójú ayé. Ìṣirò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Àwọ̀ lẹ́ẹ̀mejì àti jíjìnnà lẹ́ẹ̀kan jẹ́ báìtì 12 fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ní 720p, ìyẹn yóò jẹ́ 11,059,200, ó ti ju àyè lọ. Ní 1152 lọ́nà 640, ó jẹ́ 8,847,360, ó sì wọlé. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi píksẹ́lì rà. Ẹni tí ó bá wo oòrùn inú géèmù náà yóò ṣòro fún láti sọ pé wọ́n ra ọjà burúkú, ṣùgbọ́n HD ni ó ṣì wà lára páálí, kò sì sí ibi tí wọ́n ti sọ fún oníbàárà pé irú pàṣípààrọ̀ kan wáyé.

PlayStation 3 kò ní àyè mẹ́gábáìtì 10 yìí, nítorí náà ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀. Ó pín àyè ìrántí rẹ̀ sí méjì, mẹ́gábáìtì 256 fún iṣẹ́ gbogbo àti 256 fún àwòrán, nígbà tí Xbox 360 kó 512 pọ̀ sójú kan tí gbogbo iṣẹ́ ń pín lò. Èsì ìdíje náà kò sì gbè fún Sony bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe sọ. Call of Duty 4: Modern Warfare, tí ó jáde ní oṣù Bélú ọdún 2007, ya 1024 lọ́nà 600 lórí ẹ̀rọ méjèèjì, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é fẹ́ kí àwòrán 60 máa kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. 1080p tòótọ́ wà, ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ kò ti pọ̀ ni ó sábà máa ń wà. Ridge Racer 7 yà á lórí PlayStation 3 láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Virtua Tennis 3 ti ọdún 2007 yà á lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Pápá tẹ́ńìsì kan, agbábọ́ọ̀lù méjì, àwọn òǹwòran ní ẹ̀gbẹ́, kò sí igbó, kò sí ìlú tí ń jó. WipEout HD ti ọdún 2008 gbọ́n ju gbogbo wọn lọ: ó ń ya 1920 ní ìbú nígbà tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, ó sì ń dín ìbú náà kù nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo, kí iye àwòrán 60 má baà yẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè ṣàpèjúwe irú géèmù bẹ́ẹ̀, nítorí pé iye tí ó ń yà ń yí padà bí eré ṣe ń lọ.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Yorùbá ní ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ohun tí ó sọ ìtàn yìí di ìtàn ẹ̀rí dípò ìtàn ìpolówó ni pé àwọn ènìyàn lásán rí ọ̀nà láti ka píksẹ́lì fúnra wọn. Wọ́n á mú àwòrán kan láti inú géèmù láìjẹ́ kí ohunkóhun bà á jẹ́, wọ́n á wá etí ohun kan tí ó dà gẹ̀rẹ̀, irú bí òrùlé tàbí ẹnu ìbọn, wọ́n á sì fẹ̀ ẹ́ títí tí etí náà yóò fi hàn bí àtẹ̀gùn. Níbi tí ó bá ti dà dáadáa, ìgbésẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn náà dúró fún ìlà kan tí ẹ̀rọ yà. Wọ́n á ka iye ìgbésẹ̀ náà, wọ́n á sì ka iye ìlà ojú amóhùnmáwòrán tí ó wà ní ibi kan náà. Bí ìlà ojú amóhùnmáwòrán bá jẹ́ 90 tí ìgbésẹ̀ sì jẹ́ 80, a jẹ́ pé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ohun tí ó jáde ni ẹ̀rọ yà. Ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án 720 jẹ́ 640. Báyìí ni àṣírí Halo 3 ṣe tú. Kò gba irinṣẹ́ kan ju ojú, sùúrù àti ìṣirò tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe. Láti ọdún 2007, Digital Foundry, tí Richard Leadbetter dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú àfiwé bẹ́ẹ̀ jáde déédéé nínú Eurogamer.

Ẹ̀rí pẹ̀lú máa ń ṣini lọ́nà bí a kò bá mọ bí wọ́n ṣe kó o jọ. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ lè gbà ka dúdú àti funfun gba inú HDMI. Ọ̀kan, tí ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ amóhùnmáwòrán, fi 16 ṣe dúdú, ó sì fi 235 ṣe funfun. Èkejì, tí ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255. Bí ẹ̀rọ bá fi ọ̀nà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ tí ẹni tí ó gbà á sì kà á bí ọ̀nà kejì, dúdú yóò di eérú, gbogbo àwòrán yóò sì ṣì bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì, ohun tí ó wà nínú òkùnkùn yóò parẹ́ pátápátá. Ẹni tí ó bá ya àwòrán ẹ̀rọ méjì láìmú ètò wọn dọ́gba, tí ó sì tẹ̀ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn pé kí òǹkàwé wo èyí tí ó dára jù, ètò tí ó yàn fúnra rẹ̀ ni ó fi wé ara wọn. Kò tíì fi ẹ̀rọ wé ẹ̀rọ.

Fíìmù, àti Wii

Ní ti fíìmù wíwò, òfin ni ó pinnu ju agbára ẹ̀rọ lọ. PlayStation 3 ní awo Blu-ray nínú. Microsoft ta ẹ̀rọ HD DVD lọ́tọ̀ fún Xbox 360 ní dọ́là 199 láti oṣù Bélú ọdún 2006, títí tí Toshiba fi kéde ní ọjọ́ 19 oṣù Èrèlé ọdún 2008 pé òun kò ṣe HD DVD mọ́. Xbox 360 tí ó lè na géèmù dé 1080p gba inú wáyà kọ̀ǹpónẹ́ǹtì kò na fíìmù DVD ju 480p lọ nínú wáyà kan náà, nítorí pé àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ fíìmù kò fẹ́ kí àwòrán tí ó dára gba inú wáyà tí kò ní ìdè ààbò kọjá. Bí ó bá jẹ́ VGA, ó ń nà án. Ẹ̀rọ kan náà, fíìmù kan náà, wáyà ni ó yàtọ̀.

Wii kò bá wọn dá sí ìjà náà. 480p ni òpin rẹ̀, wáyà tí ó sì lè gbé ìyẹn pàápàá, títà ni wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ Wii tí Nintendo tà jẹ́ mílíọ̀nù 101.63, iye tí Xbox 360 àti PlayStation 3 kò dé. Àwọn kan ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé HD kò já mọ́ nǹkan kan. Ó ṣòro láti gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá ìṣeré tí a ń fì lọ́wọ́ àti owó tí ó fúyẹ́ ni Wii fi tà. Àwọn tí ó rà á kò lọ sọ́jà lọ ra àwòrán, nítorí náà a kò lè fi wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí nípa àwòrán.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e

Nígbà tí PlayStation 4 àti Xbox One dé ní oṣù Bélú ọdún 2013, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n lè gbé 1080p jáde. Àwọn méjèèjì lè ṣe é, wáyà HDMI sì wà nínú páálí àwọn méjèèjì. Iye tí wọ́n ń yà ni àwọn ènìyàn ń bèèrè. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, kí Call of Duty: Ghosts tó dé ọjà, Mark Rubin ti ilé-iṣẹ́ Infinity Ward fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún gbogbo ayé pé 1080p ni yóò jẹ́ lórí PlayStation 4, tí yóò sì jẹ́ 720p tí a nà dé 1080p lórí Xbox One. Ohun tí wọ́n ní láti fi ìṣirò àtẹ̀gùn hú jáde lẹ́yìn tí Halo 3 ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ni ẹni tí ó ṣe géèmù wá ń kéde ní gbangba kí títà tó bẹ̀rẹ̀.

Páálí kò dákẹ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n kọ 8K sára páálí PlayStation 5, èyí tí í ṣe píksẹ́lì 7680 ní ìbú àti 4320 ní òòró, nígbà tí ẹ̀rọ náà kò tíì lè gbé ju 4K jáde. Ní ọdún 2021, géèmù kékeré kan tí ń jẹ́ The Touryst, ti ilé-iṣẹ́ Shin'en ní Jámánì, ya àwòrán rẹ̀ ní 8K gan-an nínú ẹ̀rọ yìí, àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. PlayStation 5 gba gbogbo píksẹ́lì náà, ó sún un kì, ó sì gbé 4K jáde.